Irọ́ Ni Iná Tó Kú Yẹn Ń Pa: Èsì fún Àwọn Tó Ní Gbogbo Sítíárìn Ló Bá Gbogbo Ọkọ̀ Mu

Ọ̀rọ̀ yìí ti tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá wọ ọjà Ládípọ̀ ní Mushin láti wá sítíárìn kò ní ṣàìgbọ́ ọ kó tó jáde: "Gbogbo sítíárìn ló bá gbogbo ọkọ̀ mu." Oníbàárà ní Corolla tòkunbọ̀, ó fẹ́ yọ sítíárìn tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà, kó fi kékeré aláràbarà irú ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á ní kó mú èyí tó wù ú. Bọ́ọ̀sì, ìyẹn irin tó ń so sítíárìn mọ́ orí ọ̀pá, kò ní wọ́n. Rìwáyà á fi rẹsítọ̀ kan pa iná ìkìlọ̀ ẹ́ábáàgì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, àwọn tó kàwé sì ń tún un sọ lẹ́yìn wọn. Irọ́ ni, irọ́ tó sì lè pa ènìyàn ni.

Ẹ jẹ́ kí á tètè kó àwọn kéékèèké kúrò lọ́nà. Ihò mẹ́fà ló wà láàárín ọ̀pọ̀ sítíárìn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ihò sítíárìn ilé-iṣẹ́ Momo, Sparco àti OMP tò yí òbìrìkìtì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 70 ká, ti Nardi sì jẹ́ 74. Ẹni tó bá fi fáìlì fẹ ihò kí sukúrù lè wọlé ti sọ ohun tó yẹ kó dúró gbọn-in di ohun tó ń mì. Eyín tó yí orí ọ̀pá ká náà kì í ṣe ọ̀kan fún gbogbo ọkọ̀: kódà láàárín Beetle nìkan, bọ́ọ̀sì àwọn tó kọ́kọ́ jáde kò wọ àwọn tó jáde kẹ́yìn. Ẹni tó gbé sítíárìn mílímítà 380 kúrò tó fi 320 sí i, apá rẹ̀ yóò lo agbára tó fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lé sí ti àtẹ̀yìnwá, yóò sì mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú ìrìn tí páwà sítíárìn sì bá a kú. Ti fèrè tí kì í dún mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ irú èyí, gbogbo ẹni tó ń wakọ̀ l'Ékòó ti rí i rí.

Gbogbo ìyẹn ṣeé tún ṣe. Èyí tí kò ṣeé tún ṣe lẹ́yìn tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ ni ti ẹ́ábáàgì, àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n ká sáàárín sítíárìn. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn.

Òfin Amẹ́ríkà pàṣẹ pé gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n bá ṣe láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997 gbọ́dọ̀ ní ẹ́ábáàgì fún awakọ̀ àti fún ẹni tó jókòó tì í. Ọdún kan lẹ́yìn náà, òfin kan náà mú jíìpù àti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Nítorí náà, àwọn Corolla, Camry àti Accord tó ń ti Amẹ́ríkà gba èbúté Àpápá wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ́ábáàgì bá sítíárìn wọn wá. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá forí sọ nǹkan, kọ̀ǹpútà kékeré kan á rán iná sí àpò náà, gáàsì á sì kún un láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí awakọ̀ tó ṣẹ́jú. Àpò yẹn ni orí àti àyà rẹ̀ yóò bá pàdé dípò irin. NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ pé láti ọdún 1987 sí 2017, ẹ́ábáàgì iwájú gba ẹ̀mí 50,457 là ní orílẹ̀-èdè náà nìkan. Èyí ni wọ́n ń yọ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí kí sítíárìn lè dára lójú!

Kí wá ni rẹsítọ̀ ń ṣe? Nígbàkígbà tí awakọ̀ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, kọ̀ǹpútà yẹn máa ń yẹ wáyà ẹ́ábáàgì wò láti mọ bí iná ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí wáyà bá já, tàbí tí àpò kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ó mọ̀, ó sì ń tan iná ìkìlọ̀ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Rẹsítọ̀ tí rìwáyà so síbẹ̀ ń fa iná sẹ́yìn ní ìwọ̀n kan náà tí ẹ́ábáàgì ń fà á, nǹkan bí ọ́ọ̀mù 2 sí 3 nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà gbà pé àpò wà. Kò sí àpò. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bá forí sọ tírélà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kọ̀ǹpútà yóò rán iná, rẹsítọ̀ yóò gbóná, awakọ̀ yóò sì fi ojú gba irin. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní àtúnṣe, kó wá sọ ohun tó tún ṣe.

"Bẹ́líìtì ṣáà wà," ni wọ́n máa ń fèsì. Ó wà lóòótọ́, kò sì sí ohun tó ń gba awakọ̀ là tó o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ni bẹ́líìtì àti ẹ́ábáàgì jọ ń ṣe nínú ọkọ̀ òde òní. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bẹ́líìtì á kọ́kọ́ fún mọ́ àyà bí ìkọlù bá ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà á rọra tú díẹ̀ kó má baà fọ́ egungun ìhà. Ó ń tú nítorí pé àwọn tó ṣe é mọ̀ pé àpò kan wà níwájú tí yóò gba orí. Ẹni tó ti yọ àpò náà, bẹ́líìtì rẹ̀ kò mọ̀. Yóò ṣì tú sílẹ̀ fún un bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Wọ́n á tún ní àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje kì í lo ẹ́ábáàgì. Gianpiero Moretti tó dá Momo sílẹ̀ ní Ítálì, ẹni tó ń fi ọkọ̀ díje ni òun fúnra rẹ̀, sítíárìn rẹ̀ sì ni John Surtees lò nínú Ferrari lọ́dún 1964 tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Formula 1. Kò sí ọkọ̀ tí wọ́n ń ta pẹ̀lú ẹ́ábáàgì nígbà náà. Awakọ̀ ìdíje òde òní sì ń dé akoto, bẹ́líìtì tó dì í mú léjìká méjèèjì àti ní ìbàdí wà lára rẹ̀, páìpù irin yí i ká nínú ọkọ̀, Formula 1 sì ti sọ ohun èlò tó ń di ọrùn mú di dandan láti ọdún 2003. Èwo nínú ìwọ̀nyí ló wà nínú Corolla ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà?

Àwíjàre tó tún wà nílẹ̀ ni pé ẹ́ábáàgì fúnra rẹ̀ ń pa ènìyàn, wọ́n á sì dárúkọ Takata, ilé-iṣẹ́ kan tó ṣe ẹ́ábáàgì. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba ẹ̀tù inú ẹ́ábáàgì Takata jẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí irin tó yí i ká yóò fi fọ́ sí ojú awakọ̀ nígbà tó bá bú. Nǹkan bí mílíọ̀nù 67 irú rẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó ti pa ju 20 ènìyàn lọ níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì wọko gbèsè lọ́dún 2017. NHTSA tilẹ̀ kìlọ̀ lọ́dún 2016 pé nínú àwọn Honda àti Acura kan tí wọ́n ṣe láàárín 2001 sí 2003, ẹ́ábáàgì tó bá bú lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mejì. Èkó gbóná, ọ̀rinrin rẹ̀ sì pọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú wọn, kó fi nọ́ńbà ṣáṣíìsì wádìí, kó sì pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́ sí èyí tó jẹ́ ojúlówó. Àwọn tó ń fi Takata ṣe àwáwí kì í wo nọ́ńbà kankan. Rẹsítọ̀ ni wọ́n ń gbé sí gbogbo ọkọ̀, ì báà ní Takata, ì báà máà ní.

Èyí tó burú jù lọ ni ti ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà lẹ́yìn. Ọkọ̀ kì í dúró sọ́wọ́ ẹnì kan ní ilẹ̀ wa. Ìyá kan yóò rà á l'Ábẹ́òkúta láti máa fi gbé ọmọ lọ sílé-ìwé. Yóò ṣí kọ́kọ́rọ́, yóò rí iná ẹ́ábáàgì tó tàn fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 6 tó sì kú bí ó ti yẹ. Ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀. Ta ló fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti purọ́ fún obìnrin yìí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ara rẹ̀? Ìwà ọ̀daràn ni, owó tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ náà kò sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ̀tù sì ni ẹ́ábáàgì tí wọ́n yọ náà. Ìwé Toyota ní kí wọ́n yọ wáyà bátìrì, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90 ó kéré tán kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́, ni wọ́n ń jù ú sí.

Ọ̀nà tó tọ́ kò ṣòro. Ọkọ̀ tí kò bá ẹ́ábáàgì wá, irú Beetle tí wọ́n máa ń tò ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó tẹ́lẹ̀ àti Peugeot 504 ti Kàdúná, òun ni wọ́n ń fún ní sítíárìn mìíràn. Kí olówó rẹ̀ kọ́kọ́ ra bọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ náà àti ọdún rẹ̀, kó wo ihò orí bọ́ọ̀sì, kó tó yan sítíárìn tí ihò rẹ̀ bá a mu. Kí mẹkáníìkì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ. Ọkọ̀ tó bá ní ẹ́ábáàgì, sítíárìn tirẹ̀ ni kó máa lò. Bí ó bá ti gbó, àwọn tó ń rán ìbòrí ìjókòó ọkọ̀ lè rán awọ tuntun yí i ká láìfọwọ́ kan àárín rẹ̀.

Ẹni tí rẹsítọ̀ ti wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, kó lọ yọ ọ́, kó sì dá sítíárìn àkọ́kọ́ padà pẹ̀lú ẹ́ábáàgì tó pé. Bí ó bá fẹ́ ta ọkọ̀ náà kó tó ṣe é, kó sọ fún ẹni tó ń rà á kí owó tó kúrò lọ́wọ́ onítọ̀hún.