Ẹ Yé Fi Shakespeare Kọ́ Wa Ní Ìfẹ́

Níbi ìgbéyàwó kan ní Igbó-Ọrà, olùkọ́ lítíréṣọ̀ kan gba maíìkì lọ́wọ́ alága, ó ka sọ́nẹ́ẹ̀tì 116 ti Shakespeare sétí ọkọ àti ìyàwó, ó wá sọ ohun tí inú mi kò tíì rọ̀ sí títí di òní. Ó ní Yorùbá kò mọ ìfẹ́ òtítọ́ kí ìwé òyìnbó tó dé. Ó ní ọmọ bíbí àti oko ríro ló so àwọn bàbá wa mọ́ àwọn ìyá wa, pé ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó lọ ka Ó Le Kú, kó wo bí Àjàní ṣe ń sáré láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ò pàtẹ́wọ́.

Irọ́ ló pa. Ó Le Kú, ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, mọ ìfẹ́ ju ewì yẹn lọ, ó sì jù ú lọ fíìfíì.

Kí ni ewì náà wí? Ìlà 14 péré ni, ọ̀kan nínú 154 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ndọ̀nù ní 1609. Ó ní ìfẹ́ tó bá yí padà nítorí pé olólùfẹ́ yí padà, kì í ṣe ìfẹ́. Ó ní ìjì kò lè mì í, pé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣá, òun kò ní ṣá. Ó dùn létí, mi ò ní jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló wà nínú rẹ̀? Kò sí ìyá ọkọ níbẹ̀. Kò sí owó ilé, kò sí ọmọ tó ń ké lóru, kò tilẹ̀ sí orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó dá jókòó sí yàrá lè búra bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ta ni yóò já a nírọ́?

Ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà, ẹ gbọ́ èyí tí olùkọ́ náà kò sọ fún yín: bàbá ìbejì ni Shakespeare. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó fẹ́ Anne Hathaway ní 1582. Obìnrin náà ti tó 26, oyún àkọ́bí sì ti wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejì 1585 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìbejì wọn, Hamnet àti Judith. Stratford ni ìyá ìbejì wà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Lọ́ndọ̀nù ni bàbá wọn lọ ń ṣeré tíátà, tó ń kọ ewì. Hamnet kú ní 1596, ọmọ ọdún 11. Nígbà tí bàbá náà ṣe ìwé ìhágún rẹ̀ ní 1616, ohun tó dárúkọ pé kí wọ́n fún ìyàwó rẹ̀ ni ibùsùn, èyí tó ṣìkejì sí èyí tó dára jù nínú ilé. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń gbèjà rẹ̀ lórí ibùsùn yẹn. Kí wọ́n máa gbèjà lọ.

Ní ìlú tiwa, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, ẹ bi ìyá ìbejì kan ohun tí ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń ṣe sí ìfẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ọkùnrin tí wọ́n máa ń gbé oúnjẹ fún ní láti pọn Kẹ́hìndé sẹ́yìn nígbà tí Táíwò bá ń mu ọmú. Obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kò ráyè ẹ̀rín mọ́. Bí ìfẹ́ kò bá yí padà lọ́jọ́ náà, ilé yóò tú. Ohun tí Shakespeare kọ̀ fún ìfẹ́ gan-an ni ìfẹ́ ń ṣe lójoojúmọ́ nínú ilé wa.

Irú olùkọ́ tó gba maíìkì yẹn ló tọ́ àwa náà. Nílé ìwé tí mo lọ, ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì yóò san owó ìtanràn, wọ́n á tún gbé páálí kọ́ ọ lọ́rùn. Ìbínú yẹn kò tíì tán nínú mi. A mọ bí yìnyín ṣe ń bọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wa pé ọmọ Ìbàdàn kan ti kọ ìwé ìfẹ́ ní 1974. Nígbà tí Túndé Kèlání sì fi ìwé náà ṣe fíìmù ní 1997, kí ni ọ̀pọ̀ rí mú níbẹ̀? Aṣọ! Ìró kúkúrú àti bùbá ọlọ́wọ́ fífẹ̀ tí wọ́n ń pè ní olékú. Òun náà ni àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó wọ̀ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń tàbùkù ìwé tí fíìmù rẹ̀ mú aṣọ náà padà wá.

Àjàní ń ṣiyèméjì, òótọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn ni, ìyá rẹ̀ ń dà á láàmú pé kó mú ìyàwó wá, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé sì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni Ìṣọ̀lá yìn ín? Ìwé náà dá a lẹ́jọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìdájọ́ náà sì korò débi pé àwọn tó kà á ń sunkún. Bí a kò bá mọ ìfẹ́ òtítọ́, kí là ń sunkún sí? Ta ní í ké nígbà tí wọ́n bá jí ohun tí kò ní? Olùkọ́ náà ka ẹ̀ṣẹ̀ Àjàní, ó pè é ní ìgbàgbọ́ Yorùbá. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ó lè kàwé báyìí kí n fún un ní máàkì.

Rárà ìyàwó ní apá Ọ̀yọ́ ti fi ẹkún sọ̀rọ̀ ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kí Ìṣọ̀lá tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ìyàwó a dúró níwájú àwọn òbí rẹ̀, a máa sunkún, a máa dárúkọ ohun tó ń bà á lẹ́rù nílé ọkọ tó ń lọ, a sì lọ síbẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú. Ó mọ ohun tó ń wọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń múra ìgbéyàwó ní Èrúwà, ní Lánlátẹ̀, ní Ìdèrè, ẹ ra Ó Le Kú, kí ẹ̀yin méjèèjì kà á kí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tó pé. Ẹ bi ara yín ohun tí ẹ máa ṣe bí ìyá bá ní òun kò gbà, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí ọkàn yín bá pín sí méjì. Bí ẹ bá ti rí èsì fún ara yín, ẹ lè wá ka sọ́nẹ́ẹ̀tì.