Àbùjá Kò Sí Lọ́run Ọ̀pẹ

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ owó-èlé kọ́ la bá wá. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ilé àti ìsọ̀ wa ni.

Èrò kan wọ́pọ̀ láàárín wa pé ohun tó bá ń ta nímú ló ń mú ilé mọ́. Ẹlòmíràn á da Hypo pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá, á ní kí àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́. Rárá o! Bí wọ́n bá ti pàdé, afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní chlorine ló ń jáde, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ láéláé. Ọṣẹ, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà.

Èyí tó tún burú ni Sniper. Oògùn oko ni, dichlorvos ló wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń kọlu iṣan ìmọ̀lára aáyán, bẹ́ẹ̀ náà ló ń kọlu ti ènìyàn. Síbẹ̀, àwọn kan ń fọ́n ọn sí yàrá, wọ́n á tilẹ̀kùn fún wákàtí kan, wọ́n á sì kó ọmọ wọlé sùn. Wọ́n ní òórùn ti lọ. Òórùn lè lọ, kí oògùn ṣì wà lára ẹní. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ lọ́jà.

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹ̀wà ní Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos yìí. Mílígíráàmù 0.01 péré nínú kílò kan ni wọ́n fàyè gbà, tiwa sì kọjá bẹ́ẹ̀. Èyí tí òyìnbó kọ̀, ṣé àwa àti ọmọ wa ló yẹ ká máa jẹ ẹ́? Ẹ má sọ pé sísè á pa oògùn náà. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo rẹ̀ ló ń lọ.

A mọ èsì yín: "Akọ̀wé, bí kòkòrò bá jẹ ẹ̀wà tán, ta ni yóò san owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì dẹ́nu, kí ẹ dé e pinpin kí atẹ́gùn má wọ̀ ọ́. Kòkòrò tí kò rí atẹ́gùn mí, kíkú ni yóò kú.

Kẹ́ẹ̀gì náwó ju ìgò oògùn lọ, àmọ́ a ó lò ó fún ọdún púpọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń dábàá pé kí ẹgbẹ́ rà á lápapọ̀, kí olúkúlùkù máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lé e lórí nípàdé tó ń bọ̀. Ibi tí a bá gbà gun ọ̀pẹ, ibẹ̀ náà la ó gbà sọ̀.