Ìlárá wo? Ìlárá tí wọ́n pín fún Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni o!



Ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, mo jókòó sínú ọkọ̀ ní gáréèjì Ayétòrò, à ń dúró kí èrò ó pé, ni ọ̀rẹ́ mi kan bá pè mí láti Èkó. Ó ní níbo ni mò ń lọ. Mo ní Ìlárá ni. Ó ní, "Ìlárá-Mọ̀kín ni, àbí Ìlárá tó wà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó ti yé mi, ti Rẹ́mọ ni." Mo tún ní rárá. Ni ọkùnrin yìí bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní Ìlárá mélòó gan-an ló wà nílẹ̀ Yorùbá? Mo ní èyí tí mò ń lọ yìí ni Ìlárá ilẹ̀ Kétu, níbi tó jẹ́ pé èèyàn lè sùn sí Nàìjíríà lálẹ́, kó jí láàárọ̀, kó fẹsẹ̀ rìn lọ kí àbúrò bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kó sì padà wálé kí ẹ̀kọ tó tutù. Ó ní mò ń parọ́. Èmi kò parọ́ o. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́.

Láti Ayétòrò, ọ̀nà kọrí sí apá àríwá àti ìwọ̀ oòrùn. Bẹ́ ẹ ṣe ń lọ lẹ ó máa rí i pé igbó dúdú ń tán lọ, ọ̀dàn ló kù, igi á máa jìnnà síra wọn, koríko á sì ga. Ilẹ̀ àgbàdo, ilẹ̀ iṣu, ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ nibẹ̀. Ẹ ó dé Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1996. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo yìí, ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 1,700 kìlómítà níbùú lóròó, ó súnmọ́ ìdajì gbogbo ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2006, 82,217 péré ni wọ́n kà níbẹ̀. Ilẹ̀ pọ̀, èèyàn kéré. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Ìmẹ̀kọ tẹ́ ẹ dojú kọ ìwọ̀ oòrùn, Ìlárá lẹ ó bá. Tẹ́ ẹ bá sì kọjá Ìlárá, Kétu ló wà níwájú, ìyẹn Kétu Aláketu gan-an, ìlú ọba.

Àwa tá a wà ní Ìlaròó, ní Abẹ́òkúta àti l'Ékòó, a máa ń sọ pé Ìlárá wà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ wa. Ìpẹ̀kun wo? Lójú ẹni tó bá ń wo ilẹ̀ Kétu bó ṣe wà látijọ́, láàárín méjì ni Ìlárá wà, Ìmẹ̀kọ lápá ọ̀tún, Kétu lápá òsì. Ta ló wá sọ àárín di ìpẹ̀kun? Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ rìnrìn àjò nìyẹn.

Ìtàn tí àwọn àgbà Kétu ń sọ ni pé láti Ilé-Ifẹ̀ làwọn baba ńlá wọn ti wá, pé Ṣóìpàṣán ló kó wọn jáde, pé ibi tí wọ́n ń pè ní Àró ni wọ́n tẹ̀dó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Ọba Ẹdẹ tó kó wọn wọ Kétu. Kétu di ìlú ńlá, ó ní odi, ó ní ẹnu ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Akaba Idẹ́nà, tó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Nígbà tí Àjàyí Crowther lọ síbẹ̀ lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1853, ìlú tó gbámúṣé ló bá. Ṣùgbọ́n àwọn ará Dàhòmì kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Wọ́n bá wọn jà títí, lọ́dún 1886, wọ́n fọ́ Kétu túútúú, wọ́n kó àwọn tí kò rí ibi sá sí lẹ́rú lọ sí Àbọ̀mẹ̀.

Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn o: 1886. Nítorí pé ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní ìlú Paris, wọ́n tẹ́ máàpù sílẹ̀, wọ́n fa ìlà láti odò Àjàrá lẹ́bàá Àjàṣẹ́, wọ́n fà á gbọọrọ lọ sókè. Wọ́n ní èyí tó bá bọ́ sí apá kan jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó bá bọ́ sí apá kejì jẹ́ ti Faransé. Ìgbà wo ni wọ́n ṣe é? Ìgbà tí Kétu ti di ahoro, tí onílé kò sí nílé! Àwọn kan wà lóko ẹrú, àwọn kan wà lábẹ́ orùlé ẹlòmíràn. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhánsìn tán lọ́dún 1894 làwọn ará Kétu tó ráyè padà sílé. Wọ́n padà dé, wọ́n bá ilé wọn ní ti Faransé, wọ́n bá oko ọmọ ìyá wọn ní ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó lọ sógun tó padà dé tó bá ìyàwó rẹ̀ nílé ọkọ méjì, kí ló fẹ́ wí?

Títí dé ọdún 1906 làwọn òyìnbó yìí ṣì ń bára wọn tún ààlà náà tò. Kò sí odò ńlá kan ní Ìlárá, kò sí òkè kan tẹ́ ẹ lè tọ́ka sí pé òun ló pín ìlú yìí níyà. Ìlú kan náà ni, orúkọ kan náà, oríkì kan náà. Ìlà lásán ni.

Ṣùgbọ́n ìlà lásán yẹn ṣiṣẹ́ o! Ọ̀jọ̀gbọ́n Asiwaju, ọmọ bíbí Ìmẹ̀kọ, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tó jáde lọ́dún 1976. Tẹ́ ẹ bá ka iṣẹ́ bàbá yẹn, ẹ ó rí i pé Aláketu tó jẹ́ ọba ńlá, tí Onímẹ̀kọ ń wárí fún, ọwọ́ Faransé ló bọ́ sí, Faransé kò sì ka ọba sí nǹkan kan, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Onímẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn yẹn sì ń fi ọba ṣèjọba, ni Onímẹ̀kọ bá di ẹni ńlá. Bàbá di kékeré, ọmọ di àgbà, kì í ṣe ẹ̀bi bàbá, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ.

Ti ọba ṣì fúyẹ́. Ti mẹ̀kúnnù ló wúwo. Faransé ń gba owó orí, wọ́n ń fi tipá kó èèyàn ṣiṣẹ́ ọ̀nà, nígbà tí ogun 1914 sì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń mú ọ̀dọ́kùnrin lọ sógun tí kò mọ ìdí ẹ̀. Àwọn Ọ̀họ̀rí ní tiwọn yarí, wọ́n bá wọn jà. Àwọn tí kò lè jà ńkọ́? Wọ́n palẹ̀ mọ́ lóru, wọ́n sọdá sí apá ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn. Ìlà tí òyìnbó fi pín wọn ni wọ́n fi sá fún òyìnbó. Ẹ ò rí i pé orí ń ṣiṣẹ́!

Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí ìjọba méjì lè fi yàtọ̀ síra ni wọ́n fi yàtọ̀. Lọ́hùn-ún, sẹ́fà ni wọ́n ń ná. Níbí, pọ́n-ún ni, ó wá di náírà lọ́dún 1973. Lọ́hùn-ún, apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń wakọ̀. Níbí, apá òsì ni, títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà náà yí sí ọ̀tún. Dàhòmì gba òmìnira ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ń kọ́ Faransé níléèwé, ọmọ àbúrò ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tí wọ́n bá pàdé níbi òkú bàbá àgbà, Yorùbá nìkan ló kù tí wọ́n lè fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òun náà ni wọ́n fi ń kọ ẹ̀fẹ̀ lóru ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lọ́dún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ni, wọ́n sì kà á sí ti Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò pa pọ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Eégún kò mọ bodè.

Ìjọba náà tiẹ̀ ti fìgbà kan gbà pé ó yẹ kí ọ̀nà là. Lọ́dún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ìwé pé ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lè wọ ilẹ̀ ara wọn láìgba físà, kó lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2019 tí Nàìjíríà ti gbogbo bodè orí ilẹ̀ pa. Wọ́n ní ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè àti epo fàyàwọ́ ló fà á. Mi ò ní wọn kò ní ìdí. Fàyàwọ́ wà, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín 20 kìlómítà sí ààlà. Ẹ̀yin èèyàn mi, Ìlárá wà nínú rẹ̀ pátápátá, Ìmẹ̀kọ náà kò yọ. Àgbẹ̀ tó fẹ́ gbé àgbàdo lọ sọ́jà, epo ló máa rà. Aboyún tó fẹ́ gun ọ̀kadà lọ sílé ìwòsàn lóru, epo ni ọ̀kadà ń mu. Ṣé àwọn yẹn náà ń ṣe fàyàwọ́ ni? Bodè mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Ìdìròkó tiwa kò sí níbẹ̀, ó di oṣù kẹrin ọdún 2022.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dùn mí sí jù lọ rèé. Ní oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí ìjà darandaran àti àgbẹ̀ gbóná ní Àríwá Yewa, tí wọ́n ń pa èèyàn, tí wọ́n ń sun ilé, àwọn ará abúlé kan gbé ẹrù lórí, wọ́n sá. Ibo ni wọ́n sá lọ? Apá Faransé! Ibi táwọn èèyàn ti sá wá láyé ogun 1914 làwọn wọ̀nyí tún sá padà sí, bí ẹní ń san gbèsè padà. Ìjọba wọn wà lẹ́yìn wọn ní Abẹ́òkúta, ẹbí wọn wà níwájú, wọ́n sì mọ èyí tó máa ṣílẹ̀kùn.

Bàbá àgbà kan tí mo bá jókòó sábẹ́ igi ní Ìlárá ló yanjú ẹ̀ fún mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an ni ààlà yẹn wà?" Bàbá wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n bi àwọn tó fà á. Wọ́n ní ní tàwọn, ibi tí oko bàbá wọn parí sí làwọn mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòfin l'Ábújá, kẹ́ ẹ tó tún tìlẹ̀kùn bodè, ẹ rántí pé àárín ilé ẹnì kan lẹ fẹ́ tì yẹn. Ẹ̀yin ọmọ Kétu tẹ́ ẹ ní fóònù lọ́wọ́, ẹ jókòó ti àwọn àgbà yín, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Òyìnbó ti kọ ìtàn ìlà náà sílẹ̀. Ta ló máa kọ ti abúlé tí ìlà gbà kọjá?

Ó dìgbà kan ná o.