Ẹ Má Sọ Káàdì Ráútà Di Pàǹtí, Ẹ Fún Wa Ká Fi Kọ́ṣẹ́

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti ń fà, ohun kan náà ni gbogbo wa máa ń sọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì: “Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa.” A kì í bèèrè pé ibo gan-an ni kò ti dáa. Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà pàápàá kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a ò fojú kan ibi tí iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀ rí.

Kébù abẹ́ òkun la máa ń gbọ́ nípa rẹ̀. MainOne gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2010, Equiano ti Google dé ní 2022. Ṣùgbọ́n kébù kò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Ìmọ́lẹ̀ lásán ló ń gbé kiri. Àwọn ráútà ńlá tó wà ní oríta ló ń júwe ọ̀nà, káàdì inú wọn ló sì ń ru ẹrù náà. Dátà kì í rìn lódidi: wọ́n máa ń gé e sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan á sì ní àdírẹ́sì lára. Káàdì á gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, yóò sọ ọ́ di àmì iná, yóò ka àdírẹ́sì, yóò wá ọ̀nà rẹ̀ láàárín ọ̀nà tó lé ní 900,000, yóò sì tì í jáde. Lójú ihò 100 gígábíìtì kan ṣoṣo, bí àwọn ègé náà bá kéré, wọ́n lè lé ní mílíọ̀nù 148 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan!

Kí ni wọ́n fi kọ́ wa nípa gbogbo èyí? Olùkọ́ ya róbótó sí bọ́ọ̀dù, ó ní ráútà nìyẹn. A fi róbótó yẹn ṣe ìdánwò, àwọn kan nínú wa sì gba A.

Ìgbà tí a lọ ṣe IT lojú wa tó là. Ọ̀gá kan ní kí ọ̀kan nínú wa nu ẹnu okùn fáíbà kó tó kì í bọ káàdì. Ó fẹnu fẹ́ ẹ fùú, bí ẹni ń fẹ́ eruku orí tábìlì. Ọ̀gá pariwo! Ọ̀rinrin ẹnu àti eruku tí ojú kò rí tó láti dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí nínú nóòtù wa.

Àwọn kan á ní sọ́fítíwià tó ń ṣe bíi ráútà ti tó wa. Ó wúlò, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í gbóná, eruku kì í bà á, fáìnì rẹ̀ kì í jó. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n. Ìlànà 100 gígábíìtì jáde ní 2010, ti 400 tẹ̀ lé e ní 2017. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti ń lọ sókè, wọ́n ń yọ káàdì àtijọ́ kúrò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì bàjẹ́. Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́, ẹ pa ètò inú wọn rẹ́, kí ẹ kó wọn wá sí láàbù wa pẹ̀lú àpótí ráútà wọn. A mọ̀ pé èyí tó tóbi jù máa jẹ iná ju agbára wa lọ. Ráútà kékeré tó ní ihò 10 gígábíìtì ti tó wa. Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn. Ìwé kan péré ni.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìpè yóò dé láàárín òru pé ìlú kan ti já kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a óò sì rán ọ̀kan nínú wa lọ. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ yẹn ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan káàdì.