Ẹni tí ń Kọ́ṣẹ́, Iṣẹ́ ni ó ń Ṣe



Nígbà tí àwa aṣojú òṣìṣẹ́ jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá láìpẹ́ yìí, a béèrè pé kí wọ́n máa sanwó fún dírẹ́bà tuntun àti ẹni tuntun nídìí ẹ̀rọ láti ọjọ́ kìíní tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn níṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà fẹ̀yìn ti àga, ó ní: "Àwọn awakọ̀ òfurufú pàápàá, ilé wọn ni wọ́n ti ń kàwé kí wọ́n tó dé ẹnu iṣẹ́. Ta ní ń sanwó ìyẹn fún wọn?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò parí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó dárúkọ awakọ̀ òfurufú, nítorí ẹ̀rí tiwa ni ó gbé wá. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹni tí iléeṣẹ́ bàálù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ń ṣe.

Kí ó tó wọ kíláàsì rárá, ìwé tí wọn yóò ní kí ó kà tó ẹrù orí. Ó gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ìwọ̀n tí ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá: ìwúwo rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra, eré tí ó lè sá bí táyà rẹ̀ bá yọ síta, ooru ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ lù ú láti ẹ̀gbẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò ṣe láìwo ìwé bí iná bá ràn mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ bá ń jò jáde lókè lọ́hùn-ún, ìbòmú ni yóò kọ́kọ́ fà bojú kí ó tó fọwọ́ kan ohun mìíràn. Àwọn mìíràn a lẹ àwòrán iwájú ọkọ̀ náà mọ́ ògiri, wọn a gbé àga síwájú rẹ̀, wọn a máa na ìka láti orí bọ́tìnnì kan dé òmíràn, wọn a sì máa sọ ohun tí wọ́n ń ṣe sókè ketekete. Àlejò tí ó bá wọlé lójijì a rò pé orí onítọ̀hún ti dàrú.

Lẹ́yìn èyí ni kíláàsì, lẹ́yìn kíláàsì ni símúlétọ̀, èyíinì ni ẹ̀rọ tí a ṣe bí iwájú bàálù gan-an, tí ń mì, tí ń tẹ̀, ṣùgbọ́n tí kì í kúrò nílẹ̀. Ibẹ̀ ni olùkọ́ yóò ti pa ẹ́ńjìnnì kan mọ́ ọn lọ́wọ́ ní kété tí ó bá fẹ́ gbéra. Méjì-méjì ni wọ́n ń kọ́ wọn: ọ̀kan ń wà á, èkejì ń ṣọ́ ọ, ó sì ń ké sí i bí nǹkan bá fẹ́ yẹ̀. Ìdánwò ló kàn. Ẹni tí ó bá yege pàápàá, abẹ́ ojú olùkọ́ ni yóò ti kọ́kọ́ máa gbé èrò.

Ó yẹ kí ẹni tuntun múra sílẹ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ẹ̀kọ́ náà ń sáré. Ẹni tí kò bá tíì ṣí ìwé, omi yóò gbé e lọ. Ṣùgbọ́n èrè ta ni ìmúra náà wà fún? Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn láti máa pa á lówe fún wa pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó dára. Àwa la ni àáké, ta ní ń jẹ oyin?

Ní Yúróòpù, àwọn iléeṣẹ́ kan ń mú kí ẹni tuntun fi owó ara rẹ̀ san ẹ̀kọ́ irú bàálù tí òun yóò wà fún wọn, owó tí ó lè tó €30,000. Àwọn kan tilẹ̀ ti sanwó kí wọ́n lè jókòó síwájú ọkọ̀ tí ó kún fún èrò. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn a ní kí ó fọwọ́ sí ìwé pé bí òun bá lọ kí iye ọdún kan tó pé, òun yóò san owó ẹ̀kọ́ padà. Ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ kì í rọrùn fún láti sọ fún ọ̀gá pé, "Ó rẹ̀ mí lónìí," tàbí pé, "Ọkọ̀ yìí kò dára."

Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2009, bàálù Colgan Air kan já lulẹ̀ nítòsí Buffalo ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 50 kú. Àwọn olùwádìí ìjọba rí i pé ọ̀gá awakọ̀ fa ọwọ́ ìdarí mọ́ra nígbà tí ó yẹ kí ó tì í síwájú. Igbákejì rẹ̀ ti fi gbogbo òru rìnrìn àjò láti òdìkejì orílẹ̀-èdè náà wá síbi iṣẹ́. Owó ọdún kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí $16,000. Ìjọba ṣòfin ní 2010, nígbà tí ó sì di 2013, wọ́n ní igbákejì awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti fi nǹkan bí wákàtí 1,500 wà bàálù, àyàfi àwọn díẹ̀ tí a dín in kù fún. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí yóò sanwó wákàtí wọ̀nyẹn. Ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ló ń yá owó. Nígbà tí awakọ̀ wá wọ́n ní 2022, àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké tí ń sọ pé owó kò sí fi owó ńlá kún owó ẹni tuntun. Níbo ni owó náà ti wà tẹ́lẹ̀?

Nílé níbí, a kò tíì gbàgbé Iju-Ishaga, ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012. Gbogbo ènìyàn 153 tí ó wà nínú bàálù Dana kú, àwọn tí ó wà nílẹ̀ sì kú pẹ̀lú. Ìròyìn ìwádìí sọ pé àwọn awakọ̀ kò lo ìwé tí a to ohun tí wọn yóò ṣe sí lẹ́sẹẹsẹ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń kọṣẹ́. Ìwé yẹn gan-an ni à ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ́ ẹni tuntun láti máa lò. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀nà àti dín owó ẹ̀kọ́ kù, kí ó rántí àwọn tí bàálù yẹn wó lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí gáréèjì wa. Dírẹ́bà tuntun ń gun bọ́ọ̀sì kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń kọ́ ojú ọ̀nà, ó ń fọ ọkọ̀ láàárọ̀, ó ń bá wọn ti ọkọ̀ tí ó bá kú, kò sí kọ́bọ̀. Ọmọ tuntun nídìí ẹ̀rọ dúró láti aago méje, ìka rẹ̀ ń súnmọ́ irin, kò sí nínú ìwé owó oṣù. Bí ẹ̀rọ bá gé e lọ́wọ́, wọn yóò ní àwọn kò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n tún ń sọ pé bí àwọn bá kọ́ ọ tán, yóò sá lọ sí iléeṣẹ́ mìíràn. Kí wọ́n san owó tí ó tọ́, kí a wo ẹni tí yóò sá. Owó ẹ̀kọ́ sì wà nínú òfin láti 1971, nígbà tí ìjọba dá Industrial Training Fund sílẹ̀. Iléeṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ lọ́dọọdún, àjọ náà sì lè dá apá kan padà fún iléeṣẹ́ tí ó bá fi ẹ̀rí hàn pé òun ń kọ́ àwọn ènìyàn òun. A ti kọ̀wé pé kí wọ́n mú rìsíìtì wọn jáde. A kò tíì rí èsì.

Ohun tí a fẹ́ kọ sínú àdéhùn tuntun ni pé kí owó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ẹ̀kọ́, kí ìwé àti àlàyé iṣẹ́ dé ọwọ́ ẹni tuntun ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ sí ìwé gbèsè ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ kò tíì kà. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán kò tó, ẹ̀rí ni a nílò. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ tí owó yín àkọ́kọ́ wọlé sórí bébà, kí ẹ fi lé aṣojú yín lọ́wọ́ kí ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀ tó dé. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kí ó wá bá mi ní kántíìnì nígbà ìsinmi ọ̀sán, èmi yóò bá a kọ ọ́.