Tòmátì tẹ́ ẹ̀ ń pè ní ìbílẹ̀, níbo ló ti wá?

Àwọn kan yóò máa bi mí pé kí ló kan ojú-ìwé ọrọ̀-ajé nínú irúgbìn tòmátì. Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ sọ. Lágbègbè Mowe, Ibafo àti Ifọ̀, ó ṣòro kéèyàn rí òwò oúnjẹ tí tòmátì kò sí nínú ẹ̀. Ẹni tó ń se ìrẹsì tà fún èrò tó ń wá sí Redemption Camp, ẹni tó ń lọ ata, ẹni tó ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àtẹni tó ń hu ọmọ tòmátì lẹ́yìn ilé láti tà fáwọn aládùúgbò, tòmátì ń bọ́ gbogbo wọn.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi ẹni tó ń ta ọmọ tòmátì pé irú wo lèyí, ohun tó máa sọ kì í sábà ju pé "tòmátì Yorùbá ni" tàbí "tòmátì Hausa ni" lọ. Tẹ́ ẹ bá tún bi í pé níbo ló ti rí irúgbìn ẹ̀, á ní ó ti pẹ́ tí ìyá òun ti ń tọ́jú ẹ̀. Mi ò ní kó má tọ́jú irúgbìn o. Ohun tí mò ń sọ ni pé orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan lọ́jà kì í ṣe orírun ẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ orírun irúgbìn ẹ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọjà tó ń tà.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Kò sí tòmátì tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa látìbẹ̀rẹ̀. Apá Peru àti Ecuador ní gúúsù Amẹ́ríkà ni baba ńlá ẹ̀ ti hù, àwọn ará Mexico ló sọ ọ́ di nǹkan oko, káwọn ará Sípéènì tó gbé e lọ sí Yúróòpù ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èyí tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, táwọn ìyá wa ń ya kóró ẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, ti di tiwa. Òun lèyí tó rí pẹlẹbẹ, tó ní ìlà lára bí elégédé kékeré, tó lómi, tó kan díẹ̀, tí kóró pọ̀ nínú ẹ̀. Òjò wa ti mọ́ ọn lára. Àwọn olùwádìí ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Ibadan Local.

Èyí tó gùn díẹ̀, tí ẹran ara ẹ̀ nípọn, tí ọkọ̀ ń kó láti Kano àti Kaduna lọ sí Mile 12, òun là ń pè ní tòmátì Hausa. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe Hausa ló dá a sílẹ̀. Roma, tó gbajúmọ̀ nínú wọn, àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní Beltsville, ìpínlẹ̀ Maryland, ló gbé e jáde ní 1955. V àti F tó wà lára Roma VF dúró fún àrùn méjì tó ń gbé inú ilẹ̀, tó ń mú igi tòmátì rọ. Irú yìí lè kojú wọn ni ìtumọ̀ ẹ̀. UC tó wà lára UC82B náà, Yunifásítì California ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ti tọ́jú kóró Roma fún ogún ọdún n'Ifọ̀, tó wá ní tòmátì ìyá àgbà òun ni, àbọ̀ ìtàn ló sọ.

Ibi tó ti ń dun oníṣòwò jù nìyí. Ọ̀pọ̀ irúgbìn inú agolo àti sáṣẹ́ẹ̀tì òde òní ni wọ́n kọ F1 sí lára. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé irú méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n fi bára wọn. Ní ọdún àkọ́kọ́, á so dáadáa. Ẹni tó bá gbin kóró inú èso ẹ̀ lọ́dún kejì á rí oríṣiríṣi: ọ̀kan á ga, ọ̀kan á ràn mọ́lẹ̀, ọ̀kan á so, òmíràn ò ní so tó nǹkan. Tẹ́ ẹ bá ta irú ẹ̀ fún oníbàárà, ṣé ẹ rò pé yóò padà wá? Ti Roma tàbí tòmátì Yorùbá ò rí bẹ́ẹ̀. Òdòdó tòmátì sábà máa ń fún ara ẹ̀ lóyún, ọmọ á sì máa jọ ìyá láti ìran dé ìran.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ orírun èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ béèrè. Ẹ bi ẹni tó fún yín pé lọ́wọ́ ta ló ti gbà á, ní ìlú wo, lọ́dún wo, kí ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Tó bá ní ìyá òun ni, ṣé ọjà ni ìyá ti rà á àbí ó mú un wá láti oko bàbá ẹ̀? Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ gbin ogún igi sójú kan. Tí gbogbo wọn bá jọra, irúgbìn yín ti dúró. Tí wọ́n bá rí jákujàku, ó ti dà pọ̀, tàbí kó jẹ́ F1 ni ìyá ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ra ojúlówó Roma VF lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́, kẹ́ ẹ gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Ẹ wo ewé wọn, ẹ wo bóyá igi ń ga síwájú àbí ó dúró lójú kan tí èso ẹ̀ sì pọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ wá la èso méjèèjì láàárín kẹ́ ẹ ka yàrá inú wọn. Ti Roma kì í sábà ju méjì sí mẹ́ta lọ, ti tòmátì onílà máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àmọ́ ẹ má fi ìjọra nìkan ṣẹ̀rí o. Èèyàn méjì lè jọra láìjẹ́ ọmọ ìyá.

Tó bá ṣì rú yín lójú, Ìbàdàn ò jìnnà. NIHORT, tó ń ṣèwádìí èso àti ewébẹ̀, ti wà n'Ídìí-Ìṣin láti 1975, NACGRAB ní Moor Plantation sì ní ilé tí wọ́n ń tọ́jú irúgbìn ilẹ̀ yìí sí. Ará Ifọ̀ lè gba Abẹ́òkúta lọ sí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀. Láti 2012 táwọn onímọ̀ ti ka àbùdá tòmátì, DNA ti ń sọ ìbátan irú kan sí òmíràn, àmọ́ irúgbìn tó bá ní ìtàn lọ́wọ́ ló máa tètè yé wọn.

Ẹ má rò pé ìtàn irúgbìn ò lè pa owó. Ní ìpínlẹ̀ West Virginia, l'Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń tún rédíétọ̀ ọkọ̀ ṣe, M. C. Byles, dá tòmátì ńlá kan sílẹ̀. Láwọn ọdún 1940, dọ́là kan ló ń ta ọmọ ẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi san gbèsè ilé $6,000 láàárín ọdún mẹ́fà. Mortgage Lifter ni wọ́n ń pè é, ìyẹn asangbèsè-ilé. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, William Estler náà ní tòmátì tó ń jẹ́ orúkọ yìí, irú tiẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹni tó bá mọṣẹ́ tó ń ta irúgbìn wọn máa ń sọ ti ta ni.

Lọ́dọ̀ wa níbí, àkókò ń lọ. Oko Mowe àti Ibafo ń di ilé. Bí bàbá ṣe ń ta ilẹ̀, bí ìyá àgbà ṣe ń kó lọ bá ọmọ l'Ékòó, irúgbìn inú ìgò ń bá wọn lọ. Ẹ sì rántí 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta, tí wọ́n ń pè ní Ebola tòmátì, jẹ oko Òkè-Ọya, tí ìjọba Kaduna fi kéde pàjáwìrì, tí iléeṣẹ́ tòmátì Dangote ní Kano tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fi dúró. Mi ò sọ pé tòmátì Yorùbá ní àjẹsára kòkòrò yẹn o. Àmọ́ ẹni tí kò ní ju irú kan lọ, ọjọ́ tí irú yẹn bá kùnà, ó ti bọ́ sí gbèsè.

Ìmọ̀ràn mi kò lè. Ẹ mú kóró lára igi mélòó kan tó dára, kì í ṣe igi kan ṣoṣo. Ẹ sá a gbẹ nínú òjìji, ẹ fi sínú àpò-ìwé, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí i lára: orúkọ, ẹni tó fún yín, ìlú, ọdún, àti bóyá F1 ni. Ẹ má pe ohun tẹ́ ò tíì tọpasẹ̀ ẹ̀ ní ìbílẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ di irúgbìn sí páálí tà, kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ National Agricultural Seeds Council, torí òfin irúgbìn 2019 ti fún wọn láṣẹ lórí òwò yẹn. Oníbàárà tó bá béèrè pé níbo ni tòmátì yìí ti wá, tẹ́ ẹ sì lè ka èsì fún un lára àpò-ìwé, iye tẹ́ ẹ bá pè é ò ní wúwo lójú ẹ̀.