Ta Ló Ń Tọ́jú Ìwé Kóòtù Wa?

Abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa tọdún 1999 ní ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn lè fúnra rẹ̀ rojọ́, ó sì lè gba lọ́yà tó bá wù ú. Ta ni yóò ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọmọ́níyì Adéwọyè, òpìtàn tó ti ṣe gíwá Yunifásítì Ìbàdàn rí, kọ ìwé kan ní 1977 lórí ètò ìdájọ́ ní Gúúsù Nàìjíríà, láti 1854 sí 1954. Ẹni tó bá ka ìwé náà yóò tún abala 36 kà.

Ní 1914 ni Lugard, gómìnà àgbà ìjọba amúnisìn, dá kóòtù tuntun sílẹ̀ fún àwọn ará òkè, tó sì pàṣẹ pé lọ́yà kankan ò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀. Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tó ń ṣàkóso ìlú náà ló tún ń dájọ́. Aráàlú tí ọ̀ràn bá dé bá, àfi kó wá akọ̀wé onílẹ́tà lọ, kó sanwó, kí ìyẹn bá a kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi wà lẹ́nu èyí, títí di 1933.

Ọba pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní 1925, ìjọba rọ Ọba Èṣùgbayì Elékòó lóyè, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ bèèrè pé ṣé bí àṣà Èkó ṣe ń rọ ọba lóyè nìyẹn. Àwọn kóòtù nílé ní àwọn ò lè yẹ ọ̀rọ̀ gómìnà wò. Ó di 1931, ní Lọ́ńdọ̀nù, kí Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, tó sọ pé dandan ni kí kóòtù wádìí rẹ̀: òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá gba òmìnira ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ fi òfin tó fún un láṣẹ han adájọ́. Kábíyèsí padà sílé lọ́dún náà.

Ohun tó ń dùn wá ni pé àwọn tó fi lọ́yà du àwọn baba wa tọ́jú ìwé. Lára ìwé wọn ni òpìtàn ti mú wọn. Àwa ńkọ́? Nígbà tí wọ́n dáná sun kóòtù gíga Ìgbóṣèrè l'Ékòó ní oṣù Kẹwàá 2020, fáìlì ẹjọ́ bá iná lọ.

À ń bẹ àwọn adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ wa: ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn ìwé ẹjọ́ àtijọ́, kí ọ̀kan wà ní kóòtù, kí ìkejì lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ n'Íbàdàn. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kóòtù ìbílẹ̀, níbi tí ọlọ́jà, ayálégbé àti tọkọtaya tó fẹ́ kọra wọn sílẹ̀ ti ń rojọ́ lójoojúmọ́.